Ẹ Bá Mi Yin Olúwa: Omi Kò Gbé Wa Lọ

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run Olódùmarè tí kò sọ mí di ẹni àná ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Sátidé tó kọjá, tí kò sì jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn wà lọ́rùn mi.

Ọjà Akẹ̀sán ní Ọ̀yọ́ ni mo ti gbé ìyá ọlọ́jà mẹ́fà pẹ̀lú àpò èlùbọ́ wọn, tí à ń bọ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́. Òjò ti rọ̀ kí a tó dé. Nígbà tí a yà kúrò ní Tákíè, a bá omi tó dúró rẹrẹ níbi tí títì ti tẹ̀ sílẹ̀, a kò mọ gọ́tà yàtọ̀ sí ọ̀dà mọ́. Mo dúró.

Ìyá kan ní, “Bàbá Ìbejì, ẹ wọ̀ ọ́ jàre, ilẹ̀ ń ṣú lọ.” Ṣùgbọ́n ọ̀gá tó kọ́ mi ní mọ́tò kì í gbà kí a wọ omi tí a kò tí ì rí ẹsẹ̀ ẹlòmíràn nínú rẹ̀. Ọmọkùnrin kan gbé bàtà rẹ̀ lọ́wọ́, ó ń la omi náà bọ̀. Agbede-méjì ojúgun rẹ̀ ló mọ.

Ọkọ̀ kékeré kan kò ní sùúrù bẹ́ẹ̀. Ó fi eré wọ̀ ọ́, omi ru bo bọ́nẹ́ẹ̀tì, ọkọ̀ sì kú. (Ẹ má fi ojú kéré omi: bí kò tilẹ̀ ju sẹ̀ńtímítà 30 lọ, ó lè gbé ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kékeré léfòó.) Awakọ̀ náà ń sítáàtì rẹ̀ léraléra, bẹ́ẹ̀ ohun tí kò yẹ kó ṣe gan-an nìyẹn, nítorí pé afẹ́fẹ́ ṣe é fún pọ̀ nínú ẹ́ńjìnnì, omi kò ṣe é fún, irin tó bá fi agbára tẹ̀ ẹ́ ni yóò wọ́.

Mo fi tèmi sí jíà kìíní, mo gba àárín títì níbi tó ti ga díẹ̀, mo tẹ iná níwọ̀n, n kò pààrọ̀ jíà, n kò sì gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí iná, kí omi má bàa gba sàlẹ́ńsà wọlé. Àwọn ìyá ti gbé ẹsẹ̀ sórí àpò èlùbọ́. Sílípáàsì ẹsẹ̀ òsì kan léfòó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà wa.

Àṣé òkè odò ni ewu wà. Bí a ti jáde, tí àwọn kan ń ké Alelúyà, tí àwọn mìíràn ń ké Alihamudulilaahi, mo fẹ́ yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, mo tẹ bíréèkì, kò mú. Kò já o. Omi ló wọ inú rẹ̀ tó ń yọ̀. Ìyá tó ń sun àgbàdo sì wà níwájú wa gan-an. Nítorí pé mo ṣì wà ní jíà kìíní, ọkọ̀ kò yára ju ìrìn ènìyàn lọ. Mo ń tẹ bíréèkì pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, mo ń tú u, mo tún ń tẹ̀ ẹ́, títí tó fi gbóná tí omi ara rẹ̀ gbẹ. Nígbà tó máa mú, èéfín àgbàdo ti bo gíláàsì iwájú mi.

Ìyá náà kò mọ nǹkan kan. Ó ní, “Mélòó ni kí n dì fún yín?”

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, mo sì dúpẹ́ nítorí ọ̀gá mi tó ti lọ sinmi, ẹni tí mo máa ń bínú sí tó bá ní kí n tẹ bíréèkì lẹ́ẹ̀mẹ́wàá lẹ́yìn omi tí kò tó nǹkan. Ní ọjọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀, àwọn ìyá mẹ́fẹ̀ẹ̀fà yóò bá mi jó lọ síwájú pẹpẹ, títí kan àwọn Mùsùlùmí inú wọn.