Ẹ̀wà ago márùn-ún

Iṣẹ́ fóònù títúnṣe ni mò ń ṣe níbí ní Takie, Ògbómọ̀ṣọ́, ọdún kẹsàn-án rèé, àwọn ọmọ LAUTECH ló pọ̀ jù nínú kọ́sítọ́mà mi, ẹni tí fóònù ẹ̀ já sómi, ẹni tó gbàgbé páásíwọ̀ọ̀dù, ẹni tí ọ̀rẹ́kùnrin ẹ̀ bínú la fóònù mọ́ ògiri, ọ̀dọ̀ mi ni gbogbo wọn ń gbé e wá. Mò ń sọ èyí kẹ́ ẹ lè mọ̀ pé ẹni tó mọ fóònù dáadáa ni nǹkan yìí ṣẹlẹ̀ sí, kì í ṣe ẹni tí ò mọ nǹkan kan. (Ìyàwó mi ní kí n yọ gbólóhùn yẹn kúrò. Mi ò yọ ọ́.)

Ìgbà tí wọ́n wá wọn ẹ̀jẹ̀ ríru fún wa lọ́fẹ̀ẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì ló bẹ̀rẹ̀. Èmi ò tiẹ̀ mọ ohun tí wọ́n ń ṣe, mo kàn rí i táwọn èèyàn tò ni, mo bá tò sí i, mo rò pé wọ́n ń pín nǹkan. Wọ́n so nǹkan mọ́ mi lápá, ó fún mi pinpin, nọ́ọ̀sì wo ojú ẹ̀, ó wò mí, ó ní "Ẹ̀gbọ́n, ẹ sinmi ná, a máa tún un wọ̀n." A tún un wọ̀n, 152 lórí 96. Ó ní tó bá ti tó 140 lórí 90 kò dáa mọ́, kí n dín iyọ̀ kù, kí n dín màgí kù, kí n dín òróró kù, pé gbogbo iyọ̀ tí àgbàlagbà ń jẹ lóòjọ́ kò gbọdọ̀ ju ṣíbí tíì kan lọ, àti èyí tó wà nínú búrẹ́dì o, àti èyí tó wà nínú ìńdómì. Ìyàwó mi ló dúró sẹ́yìn mi yẹn. Ó gbọ́ gbogbo ẹ̀ pátá.

Nígbà tá a délé, ó ní òun máa ṣètò oúnjẹ wa látòní lọ, èmi ni mo wá fi ẹnu ara mi sọ pé kí ló dé tá a máa fi ọwọ́ kọ ọ́, ṣebí áàpù wà fún un. Mo dáúnlóòdù ọ̀kan. Ó béèrè iye tá a jẹ́ nínú ilé, mo ní mẹ́rin, èmi, ìyàwó mi, Tóbi ọmọ wa àti Màmá mi tí wọ́n ti pé ẹni ọdún 78. Ó béèrè bí mo ṣe wúwo tó, mo yọ kílò mẹ́fà kúrò níbẹ̀, kí ló kàn án. Ó ní òun máa to oúnjẹ ọ̀sẹ̀ kan fún wa, òun á sì kọ ohun tá a máa rà lọ́jà síbẹ̀.

Áàpù yìí kò dé Ògbómọ̀ṣọ́ rí, kẹ́ ẹ kọ́kọ́ mọ ìyẹn. Láàárọ̀ ọjọ́ kìíní ó ní ká jẹ ọ́ọ̀tì. Màmá wo inú abọ́, wọ́n ní "Oúnjẹ adìyẹ rèé?" Mo ní rárá Màmá, ó dáa fún ọkàn. Wọ́n ní "Ìwọ, ọmọ ibo ni ẹ́ gan-an? Ògbómọ̀ṣọ́ Ajílété, níbi wọ́n gbé ń jẹkà kí wọ́n tó mùkọ yangan! Ọkà ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ níbí, ẹ̀kọ gan-an ẹ̀yìn ọkà ló ń bọ̀." Wọ́n dìde, wọ́n lọ gbé omi èlùbọ́ kaná. Mo ní ó dáa, áàpù yìí máa ń fi kámẹ́rà mọ oúnjẹ, ẹ jẹ́ n ya àmàlà yín kó sọ fún wa bó ṣe lágbára tó. Àmàlà láfún ni o, ó funfun, ewédú wà lórí ẹ̀. Mo yà á. Áàpù rò ó, rò ó, ó ní áísíkirímù ni. Ìyàwó mi ní "Áísíkirímù tó ń jó èèyàn lọ́wọ́!"

Lọ́jọ́ kejì ó tún ní ká fọ iṣu, ká má bó o, ká yan án tèèpotèèpo ká sì jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yìn ìgbà yẹn ni mo tó mọ̀ pé ní Amẹ́ríkà, ọ̀dùnkún pupa yẹn ni ọ̀pọ̀ wọn ń pè ní yam, ìyẹn ṣeé jẹ tèèpotèèpo. Ti wa, ẹni tó bá fẹ́ jẹ èèpo iṣu, kó máa bá ewúrẹ́ àdúgbò du ú.

Ó yẹ ká ti pa á rẹ́ níbẹ̀ yẹn.

Ìyàwó mi wá fẹ́ lọ sí Ìbàdàn lọ́jọ́ Fúráìdè, àbúrò ẹ̀ ń ṣe ìkómọ, Sọ́ńdè ló máa dé. Ó ní kí n lọ ra nǹkan ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ lọ́jà gẹ́gẹ́ bí áàpù ṣe kọ ọ́, kí n má fi ọgbọ́n orí mi kún un. Ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ló sọ o, "Bàbá Tóbi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọgbọ́n orí yín kún un." Mo ṣe bó ṣe wí. Kí Màmá sì lè rí i kà, torí wọn ò gbọ́ Òyìnbó ṣùgbọ́n wọ́n ń ka Yorùbá dáadáa, mo ní kí fóònù túmọ̀ gbogbo ẹ̀ sí Yorùbá. Ibi tí Òyìnbó bá ti kọ cup, ó kọ ago sí i. Kò sí àmì ohùn kankan lórí ẹ̀, bó ṣe rí gbọọrọ nìyẹn.

Tóbi ló kà á sókè fún wa. "Ẹ̀wà, aago márùn-ún. Ìrẹsì, aago mẹ́rin. Ata gígún, aago ìdajì."

Màmá ní, "Aago ìdajì, ìgbà wo nìyẹn nínú ọjọ́?"

Mo ní kì í ṣe aago, ago ni, nǹkan ìwọ̀n ni. Tóbi ní ká fi iyọ̀ ṣíbí tábìlì kan sí i. Mo wo tábìlì wa, kò sí ṣíbí kankan lórí ẹ̀.

Lọ́jọ́ Sátidé mo gba Sábó lọ. Ìyá kan wà níbẹ̀ tó ń ta ẹ̀wà olóyin, mo ní "Ẹ kú ọjà o Màmá, ẹ á jèrè o, ẹ bá mi wọn ago márùn-ún." Wọ́n ní "Ago kẹ̀? Agolo lò ń wí? Ọmọ mi, ta ní ń fi agolo ra ẹ̀wà, kóńgò la fi ń tà á níbí." Mo fi fóònù hàn wọ́n. Wọ́n ná an jìnnà sójú, wọ́n wò ó, wọ́n dá a padà fún mi, wọ́n ní "Kóńgò márùn-ún nìyẹn nù un."

Ohun tó yẹ kí n rò nígbà yẹn ni pé kóńgò kan ṣoṣo a máa tó ife méje àwọn Òyìnbó yẹn, á tún ṣẹ́kù, pé ẹ̀wà tí áàpù fẹ́ ká fi jẹun lọ́sẹ̀ kan fáwa mẹ́rin kò kún kóńgò kan. Ṣùgbọ́n wọ́n ní kí n má fi ọgbọ́n orí kún un. Mo dúró, mò ń wo Màmá yẹn, wọ́n fi apá òsì gbá kóńgò mọ́ra bí ẹni gbọ́mọ, wọ́n ń fi ọwọ́ ọ̀tún wa ẹ̀wà lé e títí tó fi ṣe ṣóńṣó bí òrùlé, èyí tó bá yọ̀ bọ́ wọn ò kà á, ẹ̀ẹ̀marùn-ún, wọ́n wá fi ẹ̀kúnwọ́ mẹ́ta ṣe èènì. Inú mi dùn sí èènì yẹn gan-an, ojú ń tì mí láti sọ ọ́.

Owó tí ìyàwó mi fún mi tán sórí ẹ̀wà àti ìrẹsì, mo lọ fa owó ní POS kí n lè ra ata. Ìdajì kóńgò ata gígún. Ẹni tó tà á béèrè pé ṣé búkà ni mo ní. Lórí ọ̀kadà, atẹ́gùn fẹ́ sínú ọ̀rá ata yẹn díẹ̀ báyìí, èmi ń sín, ọlọ́kadà ń sín, ẹni tó gun ọ̀kadà ẹ̀yìn wa náà ń sín, ó ń fi wá gégùn-ún.

Mo délé, mo tẹ gbogbo ẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan lórí áàpù pé mo ti rà á. Ó kí mi kú iṣẹ́. Ó wá ní fún ti ọjọ́ Sọ́ńdè, kí n rẹ gbogbo ẹ̀wà náà sómi mọ́jú. Gbogbo ẹ̀, ó kọ gbogbo ẹ̀ síbẹ̀. Màmá ní "Ẹ̀wà yìí pọ̀ o." Mo ní Màmá, ẹ̀kọ́ ìlera ni. Mo dà á sínú báàfù tí Tóbi fi ń wẹ̀ àti korobá ńlá kan, ó dé ìdajì nínú méjèèjì, mo bu omi lé e kún, mo fi ọmọrí dé korobá, mo sùn.

Ní nǹkan bí aago mẹ́rin ìdájí ni mo gbọ́ ọ. Tó. Tó. Tó-tó. Mo rò pé eku ni. Mo tan tọ́ọ̀ṣì fóònù, mo rìn dé ilé ìdáná, mo rí i pé ẹ̀wà ti wú, ó ti gbé ọmọrí korobá sókè, ó ń yọ lẹ́yọ lẹ́yọ lábẹ́ ẹ̀, ó ń já bọ́ sórí símẹ́ńtì. Ti báàfù ti di òkè. Mo dúró níbẹ̀ pẹ̀lú ṣọ́ọ̀tì, ẹ̀wà ń ta lù mí lẹ́sẹ̀.

Màmá ti wà lẹ́yìn mi. Wọn ò sọ nǹkan kan fún ìgbà pípẹ́. Wọ́n wá ní "Àkúnwọ́sílẹ̀."

Kò sí iná láti Fúráìdè, fíríìjì ti gbóná bí kọ́bọ́ọ̀dù, ooru tó sì mú lọ́jọ́ yẹn, tó bá fi máa di alẹ́ ẹ̀wà yẹn á ti kan. Bí ilẹ̀ ṣe mọ́ báyìí a ké sí Ìyá Rídíwàánù àti gbogbo obìnrin inú ọgbà, wọ́n jókòó yí báàfù ká, wọ́n ń bó èèpo, ẹ̀rín ni wọ́n ń fi mí rín. Ọmọ tó ń lọ ata béèrè pé ìnáwó kí là ń ṣe, mo ní a ò ṣe nǹkan kan, ó ní "Ó dáa, bọ̀dá, ẹ kú ìnáwó." A se mọ́ínmọ́ín ìkòkò méjì, ewé eéran tán, ẹ̀wà lílọ̀ ṣì ku ìdajì korobá. Ìyá Rídíwàánù ní kò le, ká fi dín àkàrà, ká pín in káàkiri àdúgbò.

Màmá dìde dúró. "Àkàrà! Kẹ́ ẹ dín àkàrà korobá, kẹ́ ẹ gbé e káàkiri, nínú ilé tí èmi arúgbó ẹni ọdún 78 wà! Kí lẹ fẹ́ kí wọ́n rò? Orí mi kọ̀ ọ́!"

Òótọ́ ni wọ́n ń sọ, gbogbo wa la mọ ìgbà tí wọ́n máa ń pín àkàrà arúgbó. Ṣùgbọ́n kí la fẹ́ ṣe, ká da ẹ̀wà nù? Èmi náà bẹ̀ wọ́n, wọ́n gbà, wọ́n kàn ní ká máa sọ fún ẹni tá a bá fún pé àwọn wà láàyè. Ẹni tá a rán ni Tóbi. Tóbi gbàgbé.

(Òróró lítà mẹ́ta la fi dín in. Ẹ rántí pé torí òróró la ṣe bẹ̀rẹ̀ gbogbo èyí.)

Ẹni tó kọ́kọ́ dé ni bàbá onílé ọ̀ọ́kán, wọ́n wọ agbádá, wọ́n di ènífílóòpù kan mọ́wọ́, àwọn ọkùnrin mẹ́ta tẹ̀ lé wọn. Wọ́n kan ilẹ̀kùn, wọ́n ti ń sọ ọ́ kí wọ́n tó wọlé, "Ẹ kú ará fẹ́ra kù o, ẹ̀yìn Màmá á dáa, Ọlọ́run á—" Màmá fúnra wọn ló ṣílẹ̀kùn. Ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin yẹn ké "Jésù!" ó fò kúrò ní àtẹ̀gùn, sílípáàsì ẹ̀ ẹsẹ̀ kan ṣì wà lọ́dọ̀ wa di bí mo ṣe ń kọ èyí.

Ibi tá a ti ń ṣàlàyé fún wọn ni ìyàwó mi ti sáré wọlé, báàgì já sí i léjìká, ẹnì kan ti pè é ní gáréèjì pé wọ́n ń dín àkàrà nílé wa. Ó ti sunkún dé. Ó rí Màmá lórí àga, tí wọ́n ń jẹ mọ́ínmọ́ín, ó wò wọ́n, ó wo korobá, ó wò mí. Inú yàrá ni Tóbi ti pariwo, "Dádì, aago márùn-ún ti lù o! Aago ẹ̀wà!"

Bàbá onílé fẹ́ rọra ki ènífílóòpù wọn padà sápò. Màmá ní rárá o. "Ti ta ni owó yẹn? Ṣebí tèmi ni. Ẹ gbé e wá." Ẹgbẹ̀rún márùn-ún ló wà níbẹ̀. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè wọ́n fi ra èlùbọ́ àti panla, wọ́n ro àmàlà láàárọ̀ kùtùkùtù, wọn ò tiẹ̀ wo fóònù.

Ìrẹsì ṣì wà. Ata gígún náà ṣì wà nílé bámúbámú, ẹni tó bá fẹ́ rà kó wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù, ṣùgbọ́n ìyàwó mi ló máa wọ̀n ọ́n o, ṣíbí tábìlì ló sì ń fi tà á.