Ọ̀nínì, ẹ́pìnnì àti kọ́bọ̀ oníhò: èwo ló níye lórí?

Bí ẹ bá bá owó onírin ayé ìjelòó nísàlẹ̀ àpótí ìyá àgbà, ẹ má fi kànrìnkàn kàn án o. Ọsàn wẹ́wẹ́, eérú, Brasso, ọṣẹ ìfọyín: gbogbo wọn ló ń bó awọ ara owó náà, tí wọ́n ń fi ìlà tín-ín-rín sílẹ̀ lójú rẹ̀. Ẹ gbé e dagun sábẹ́ iná, ẹ óò rí wọn kedere. Àwọ̀ pupa ràkọ̀ràkọ̀ tí ẹ rò pé ìdọ̀tí ni yẹn gan-an ni olùkówójọ (ẹni tó ń ṣa owó àtijọ́ jọ) ń wá. Bí ẹrẹ̀ bá lẹ̀ mọ́ ọn, ẹ rẹ ẹ́ sínú omi lásán mọ́jú, kí ẹ fi aṣọ rírọ̀ tẹ̀ ẹ́ gbẹ. Ẹ má fi nù ún.

Ọjọ́ orí nìkan kì í sọ owó di olówó ńlá. Iye tó ṣẹ́kù láyé, bí ojú rẹ̀ ṣe rí, àti iye ẹni tó ń wá a ló ń ṣe é. Ẹ wo èyí: Ọba Edward VIII ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò lò tó ọdún kan lórí oyè, ní 1936. Owó oníhò kì í ní àwòrán orí ọba, nítorí náà wọn kò dúró de àwòrán rẹ̀ kí wọ́n tó tẹ orúkọ rẹ̀, EDWARDVS VIII, sára ọ̀nínì (ìdá kan nínú mẹ́wàá pẹ́nì), ẹ́pìnnì (ààbọ̀ pẹ́nì) àti kọ́bọ̀ (pẹ́nì kan) Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ìtàn rẹ̀ dùn, àmọ́ wọ́n tẹ̀ ẹ́ púpọ̀, kò sì wọ́n.

Lára owó oníhò yìí, ojú tí ìràwọ̀ onígun mẹ́fà wà ni kí ẹ ti kọ́kọ́ wo ọdún. Àwọn ti 1907 sí 1911 ní NIGERIA lára pẹ̀lú BRITISH WEST AFRICA. Lẹ́yìn náà, wọ́n yọ NIGERIA kúrò. Ọ̀nínì àkọ́kọ́, ti 1907 àti àwọn kan nínú ti 1908, alumíníọ̀mù ni, ó fúyẹ́ bí ìyẹ́. Kí ẹ tún wá lẹ́tà kékeré: H tàbí KN fi hàn pé Birmingham ni wọ́n ti tẹ̀ ẹ́, bí kò bá sí lẹ́tà, Lọ́ńdọ̀nù ni. Ọdún kan náà lè wọ́pọ̀ pẹ̀lú H, kó sì ṣọ̀wọ́n láìsí i. Ibí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ta ọjà wọn ní owó pọ́ọ́kú.

Tọ́rọ́ (pẹ́nì mẹ́ta), sísì (pẹ́nì mẹ́fà) àti ṣílè (pẹ́nì méjìlá) 1913 sí 1919 jẹ́ fàdákà, ìpín 92.5 nínú 100. Ìwọ̀n àwọn oníwúrà ló máa sọ òótọ́: tọ́rọ́ gíráàmù 1.41, sísì 2.83, ṣílè 5.66, èyí tó ti gbó lè dín díẹ̀. Bó ti wù kó gbó tó, owó fàdákà rẹ̀ ṣì wà lára rẹ̀. Láti 1920 ni idẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í gba ipò rẹ̀.

Kọ́bọ̀ tiwa-n-tiwa bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kìíní 1973, títí dé ààbọ̀ kọ́bọ̀. (Kọ́bọ̀ ni a kúkú ti ń pe pẹ́nì tẹ́lẹ̀.) Ti 1991 jẹ́ irin tí wọ́n fi bàbà tàbí níkẹ́ẹ̀lì bò, òòfà máa ń gbé e. Bí omi bá wọ abẹ́ ìbòrí yẹn, ìpatà á bẹ̀rẹ̀ láti etí, kò sì sí àtúnṣe. Èyí tó ń dán bí ìgbà tó kúrò ní ilé ìtẹ̀wó nìkan ló yẹ kí ẹ fi pamọ́.

Owó tí wọ́n lu ihò sí lára láti fi ṣe ẹ̀gbà ọrùn ti bàjẹ́. Ihò ilé ìtẹ̀wó máa ń yípo dáadáa, etí rẹ̀ a sì jọ̀lọ̀. Ti alágbẹ̀dẹ máa ń rí gbágungbàgun.

Ní ti iye, ẹ má wo ohun tí ẹni tó ń tà ń pè. Lórí eBay, ọjà orí íńtánẹ́ẹ̀tì, ẹ yan àwọn tí wọ́n ti tà tán, kí ẹ wo márùn-ún tó jọ tiyín ní ọdún, lẹ́tà àti ojú. Ẹni tó bá sì ní òun máa fi mílíọ̀nù ra náírà onírin yín, bí ẹ bá kọ́kọ́ san owó ìforúkọsílẹ̀, olè ni.