Àpá inú ẹ̀dọ̀fóró: ẹ̀kọ́ tí mo kọ́

Ẹ̀yin àbúrò mi, ní ọdún kejì tí mo ń kọ́ bí a ṣe ń ka àwòrán àyà (X-ray), mo kọ gbólóhùn kan tí kò tíì kúrò lọ́kàn mi títí dòní. Òkè ẹ̀dọ̀fóró ọ̀tún ọkùnrin kan ti sún kì, àwọn ilà funfun gba ibẹ̀ kọjá, ọ̀nà èémí rẹ̀ sì ti wọ́ sápá ọ̀tún. Mo kọ ọ́ pé: "Ikọ́ ẹ̀gbẹ àtijọ́, ó ti jinná." Ọ̀gá mi kà á, ó ní: "Ta ló sọ fún ọ pé àtijọ́ ni? Ìgbà wo lo ti rí i rí?" Mi ò ní èsì. Nígbà tí wọ́n yẹ kẹ̀lẹ̀bẹ̀ ọkùnrin náà wò, kòkòrò ikọ́ ẹ̀gbẹ ṣì wà níbẹ̀.

Àpá kò rí bákan náà. Nígbà tí ara bá ti mọ ògiri yí kòkòrò ká, tí ó sì borí rẹ̀, kálísíọ̀mù lè kóra jọ síbẹ̀ títí yóò fi funfun bí efun, tí etí rẹ̀ á mú ṣáṣá. Bí irú kókó bẹ́ẹ̀ bá wà nínú ẹ̀dọ̀fóró, tí lymph node (ẹ̀yà ara kékeré tó ń gbógun ti àìsàn) ẹnu ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró náà sì ti funfun bẹ́ẹ̀, Ranke complex ni à ń pè é. Èyí kì í gba oorun lójú mi. Ṣùgbọ́n ẹ má fi gbogbo rẹ̀ sọrí ikọ́ ẹ̀gbẹ: Histoplasma, irú olú kékeré kan tí ojú kò lè rí, náà ń fi irú àpá yìí sílẹ̀, chickenpox tí ó bá wọ ẹ̀dọ̀fóró àgbàlagbà sì lè fi ọ̀pọ̀ tóótòòtó funfun tí kò ju mìlímítà 1 sí 3 lọ sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Ẹ wo ibi tí kálísíọ̀mù náà jókòó sí. Bí ó bá kún kókó náà, tàbí tí ó wà láàárín gan-an, ọkàn mi balẹ̀. Bí ó bá fì sí ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ fura, torí jẹjẹrẹ lè hù kí ó sì gbé àpá àtijọ́ mì.

Àpá tí kò ní kálísíọ̀mù, tí ó kàn ń fa gbogbo nǹkan sókè, ni ó ń dà mí láàmú. Kòkòrò lè ṣì sùn síbẹ̀, ó sì rọrùn fún un láti jí ju ti inú kókó funfun lọ. Nítorí náà mo máa ń wá ohun tí kò yẹ kó wà lára àpá: ihò tuntun, òjìji tí etí rẹ̀ kò mọ́, tàbí, lórí CT (àwòrán X-ray tí ń fi inú ara hàn ní ìpele ìpele), àwọn tóótòòtó tó so mọ́ ọ̀nà atẹ́gùn bí ìrudi lára ẹ̀ka igi. Bí ihò àtijọ́ bá sì wà, ẹ yẹ inú rẹ̀ wò dáadáa. Aspergillus, irú olú kékeré mìíràn, lè di òkìtì síbẹ̀, ó sì lè mú kí aláìsàn máa wúkọ́ tó ní ẹ̀jẹ̀.

Ṣùgbọ́n kò sí ohun tó ràn mí lọ́wọ́ tó àwòrán àtijọ́. Ẹ béèrè lọ́wọ́ aláìsàn, ẹ wá inú àpò ìwé rẹ̀. Ẹ má sì fi ti oṣù tó kọjá nìkan wé e: èyí tó pẹ́ jù lọ ni kí ẹ gbé kalẹ̀, torí ohun tí ń dàgbà díẹ̀díẹ̀ kì í hàn láàárín àwòrán méjì tó súnmọ́ra. Bí oṣù 6 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ bá wà láàárín wọn, tí nǹkan kan kò sì yí padà, a lè sọ pé àpá náà dúró sójú kan. Àwòrán kan ṣoṣo kò lè sọ ọ́.

Ní báyìí, bí mi ò bá rí nǹkan fi wé e, ohun tí mo ń kọ ni: "Ó jọ àpá. Kò sí àwòrán àtijọ́. Bí ó bá ń wúkọ́ tàbí tí ó ń rù, ẹ yẹ kẹ̀lẹ̀bẹ̀ rẹ̀ wò." Lẹ́yìn náà ni mo máa ń pe dókítà tó ní kí a ya àwòrán náà.