Ẹ̀dà ìdájọ́ ilẹ̀ bàbá mi

Ẹ̀yin ará Òmù-Àrán, ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni fi ìwé ilé ẹjọ́ dù yín. Òfin Ẹ̀rí ọdún 2011, abala 104, ní kí wọ́n fún ẹni tó lẹ́tọ̀ọ́ láti wo ìwé ìjọba, títí kan ìdájọ́ ilé ẹjọ́, ní ẹ̀dà rẹ̀, bó bá ti sanwó tó yẹ.

Ní ilé ẹjọ́, nọ́ńbà ẹjọ́ ni wọ́n máa kọ́kọ́ bèèrè. Orúkọ bàbá mi àti ọdún ìdájọ́ nìkan ni mo ní. Màmá akọ̀wé ṣí ìwé ńlá kan tí etí rẹ̀ ti ya, ó ń fi ìka tọ orúkọ lọ́kọ̀ọ̀kan. "Ọmọ mi, òun nìyí." Inú mi dùn dé ọ̀run!

Mo kọ lẹ́tà, mo sanwó, mo gba rìsíìtì. Kẹ́ ẹ tó kúrò níbẹ̀, ẹ wo ẹ̀dà náà dáadáa: ọjọ́, orúkọ òṣìṣẹ́, ipò rẹ̀, ìbuwọ́lù, òǹtẹ̀.