Àyè Tí Àìlówó Fi Sílẹ̀ Nínú Friday the 13th

Nǹkan bí 550,000 dọ́là péré ni wọ́n fi ṣe fíìmù adẹ́rùbani Friday the 13th, tí Sean Cunningham darí, tó sì jáde lóṣù Karùn-ún ọdún 1980. Síbẹ̀, owó tó pa ní sinimá ilẹ̀ Amẹ́ríkà nìkan lé ní mílíọ̀nù 39 dọ́là. Àwọn lámèyítọ́ bẹnu àtẹ́ lù ú, ṣùgbọ́n ọ̀wọ́ náà ti di fíìmù méjìlá, àwa olólùfẹ́ rẹ̀ kò sì tíì túká. Èrò tèmi ni pé àìlówó yẹn gan-an ló so wá mọ́ ọn, nítorí ó fi àyè sílẹ̀ tí òǹwòran lè bá wọlé.

Ẹ wo ibi tí Kevin Bacon, tí kò tíì di ìlúmọ̀ọ́ká nígbà náà, ti dùbúlẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, tí ọwọ́ kan yọ láti ìsàlẹ̀ tó di orí rẹ̀ mú, tí ṣóńṣó ọfà sì gba ọ̀fun rẹ̀ yọ síta. Tom Savini, tó ń ṣe ọgbẹ́ àti ẹ̀jẹ̀ ayédèrú fún wọn, ní kí òṣèré náà wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, kó ti orí bọ inú ihò, ó sì fi ọrùn àti àyà ayédèrú sí i. Nígbà tí wọ́n ń yà á lọ́wọ́, ọ̀pá tó yẹ kó tú ẹ̀jẹ̀ jáde yọ, ni igbákejì Savini bá fi ẹnu ara rẹ̀ fẹ́ ẹ̀jẹ̀ náà gba inú ọ̀pá. Ìdí nìyẹn tó fi ń hó bó ṣe ń tú jáde. Kò sí kọ̀ǹpútà níbẹ̀ rárá. Ọwọ́ àti èémí ènìyàn ni. Mo ti wò ó láìmọye ìgbà, ẹ̀rù rẹ̀ ṣì ń bà mí, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀wọ̀ tí mo ní fún àwọn tó ṣe é ń pọ̀ sí i.

Bákan náà ni ìró tí Harry Manfredini, tó ṣe orin fíìmù náà, mí sínú makirofóònù, “ki ki ki, ma ma ma”, èyí tí kì í dún àfi bí apànìyàn bá wà nítòsí.

Ìtàn náà pẹ̀lú ní ihò. Wọ́n ní Jason, ọmọdékùnrin tó padà di apànìyàn ọ̀wọ́ fíìmù yìí, ti kú sómi lọ́dún 1957, ìyá rẹ̀ ló sì ń gbẹ̀san nínú fíìmù àkọ́kọ́. Báwo ló ṣe wá di géńdé nínú igbó nínú fíìmù kejì, lọ́dún 1981, pẹ̀lú àpò lórí? Kò sí ìdáhùn tó tán pátápátá, ìdí sì nìyẹn tí àríyànjiyàn náà kò fi parí láàárín wa. Ìbòjú gólì eré họ́kì tí gbogbo ayé fi mọ̀ ọ́n kò dé àfi nínú ìkẹta, lọ́dún 1982. Níwọ̀n bí kò ti sí ojú láti wò, àwa a máa wo ara: mo gbà pé Kane Hodder ló dára jù nínú gbogbo àwọn tó ṣe Jason, nítorí bí èjìká rẹ̀ ṣe ń lọ sókè sódò nígbà tó bá dúró tó ń mí.

Lẹ́yìn fíìmù ọdún 2009, ẹjọ́ lórí ẹni tó ni ìtàn náà, tí Victor Miller tó kọ ọ́ jàre rẹ̀, dá iṣẹ́ dúró fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àwọn olólùfẹ́ kò dúró. Wọ́n dáwó jọ, wọ́n ra ìbòjú, wọ́n sì ya fíìmù tiwọn nínú igbó.