Kí mọ́tò tó gbéra: ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nídìí iṣẹ́ àbójútó èrò

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní gáréèjì, yálà ẹ̀ ń tẹ̀lé bọ́ọ̀sì gẹ́gẹ́ bíi kọ̀ǹdọ́kítọ̀ ni o, tàbí ẹ̀ ń kọ orúkọ èrò sílẹ̀ nídìí tábìlì, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo ní fún yín, gbogbo ìyókù wà lábẹ́ rẹ̀. Òfin tí èrò kò bá gbọ́ nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì wà nílẹ̀, ó ṣòro kó tó pa á mọ́ nígbà tí mọ́tò bá ti ń sáré.

Gáréèjì Ọ̀fà níbí nílùú Ìlọrin ni mo ti kọ́ iṣẹ́ yìí, lójú ọ̀nà tó gba Gànmọ àti Àjàṣẹ́-Ìpo lọ sí Ọ̀mù-Àrán. Ẹ wo bí agbára wa ṣe pọ̀ tó nígbà tí mọ́tò ṣì dúró. Owó èrò ṣì wà lọ́wọ́ wa, a lè dá a padà fún un. Mọ́tò mìíràn wà lẹ́yìn tó lè wọ̀. Àwọn èrò yòókù ń kánjú, wọn ò ní gbà kí ẹnì kan fi àríyànjiyàn dá wọn dúró, wọ́n á bá wa bẹ̀ ẹ́, wọ́n á bá wa bá a wí. Bí ẹ bá ti kọjá Gànmọ, gbogbo ìyẹn ti lọ. Ariwo ló kù lọ́wọ́ yín, ariwo sì ni dẹ̀rẹ́bà máa ń yíjú sí. Mọ́tò tó ń sá kìlómítà 80 ní wákàtí kan, bíi mítà 22 ló ń rìn ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Bí dẹ̀rẹ́bà bá yíjú sẹ́yìn fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta péré láti dá sí ìjà ṣéńjì, mọ́tò ti rìn ju mítà 60 lọ láìsí ẹni tó ń wo iwájú, lójú ọ̀nà tí kòtò, ewúrẹ́ àti ọ̀kadà ti ń yọ sí èèyàn láìròtẹ́lẹ̀. Mi ò tíì rí ìwà èrò tó léwu tó ìyẹn. Ìjà tó bá lè dúró de ibi tí mọ́tò máa dúró sí, ẹ jẹ́ kó dúró.

Nítorí náà, ẹ kọ́ bí wọ́n ṣe ń bá èrò sọ̀rọ̀ kí ọkọ̀ tó ṣí. Ìlọrin kì í ṣe ìlú tí wọ́n ti ń pàṣẹ fún àgbà láìkọ́kọ́ kí i. Ẹni tó bá yọjú sínú bọ́ọ̀sì tó ní "Gbogbo yín, ẹ gbọ́!" ti pàdánù àwọn àgbà inú ọkọ̀ kó tó sọ gbólóhùn kejì. Ẹ fi sálámà wọlé, ẹ kí wọn kú ìjókòó, ẹ ṣàdúà ọ̀nà fún wọn. Ẹ ní kí àwọn olómi àti oníbúrẹ́dì yà kúrò lójú fèrèsé díẹ̀. Ní gáréèjì wa, alùfáà kan tàbí ajíhìnrere kan sábà máa ń gbàdúà fún ọkọ̀ kó tó lọ. Ẹ sọ tiyín ṣáájú rẹ̀, nítorí bí wọ́n bá ti ṣe àmín tán, ọkàn gbogbo èrò ti dé ibi tí wọ́n ń lọ.

Bí mo ṣe máa ń sọ ọ́ nìyí: "Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ìyá. Ọkọ̀ wa fẹ́ ṣí. Gbogbo wa la máa di bẹ́líìtì, bẹ̀rẹ̀ látorí dẹ̀rẹ́bà. A ò ní mu sìgá, a ò ní gbé bẹntiróòlù, ẹni tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí fóònù kó rọra sọ ọ́. Àjàṣẹ́-Ìpo la máa kọ́kọ́ dúró sí. Bí nǹkan kan bá ń ni ẹnikẹ́ni lára, èmi ni kẹ́ ẹ pè, ẹ má pe dẹ̀rẹ́bà." Kò gùn jù báyìí lọ. Gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn ló ṣe pàtàkì jù, ẹ má fò ó.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yẹn kò ní wọ etí ẹnikẹ́ni bí ọwọ́ àwa fúnra wa kò bá mọ́. Èrò ń wò wá. Bí ẹ bá fún ẹni méjì mọ́ ìjókòó kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ dẹ̀rẹ́bà, tí ẹ to ẹni mẹ́rin sí ibi tí wọ́n ṣe fún mẹ́ta lẹ́yìn, ẹ má wulẹ̀ dárúkọ bẹ́líìtì mọ́. Bẹ́líìtì kan kì í di èèyàn méjì. Lójú tiwọn, ẹni tó fi owó èrò kan ṣáájú ẹ̀mí wọn ló tún ń bá wọn sọ̀rọ̀ òfin, wọ́n sì jàre. Mo mọ̀ pé ọ̀gá mìíràn á ní kí ẹ kó wọn sí i. Ẹ fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ fún un pé ẹni tó bá fẹ́ kí èrò gbọ́ràn sí òun lẹ́nu kò lè máa to wọ́n bí igi ìdáná.

Ọ̀rọ̀ bẹntiróòlù ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ gbọ́. Láti ìgbà tí ìjọba àpapọ̀ ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo lọ́dún 2023, tí lítà kan tí kò tó 200 náírà fò kọjá 500 náírà láàárín ọjọ́ díẹ̀, ẹni tó bá rí epo tó dínwó díẹ̀ ní Ìlọrin máa ń fẹ́ gbé e lọ sí abúlé, fún jẹnẹrétọ̀ tàbí fún títà. Òye ìdí tí wọ́n fi ń gbé e yé mi. Ṣùgbọ́n ooru bẹntiróòlù wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ. Kì í gòkè lọ bá fèrèsé tó ṣí sílẹ̀. Ilẹ̀ ló ń rọ̀ sí, ó ń rá pálá lábẹ́ ìjókòó níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti lè rí i, títí yóò fi pàdé iná sìgá kan tàbí wáyà tó bó. Nínú bọ́ọ̀sì Hiace, abẹ́ ìjókòó iwájú ni ẹ́ńjìnnì wà, nínú ilé kan náà pẹ̀lú èrò. Ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ni àwọn tó wà láàárín àti lẹ́yìn ń gbà jáde, ìjókòó tí wọ́n ń ṣí sí ojú ọ̀nà àárín ọkọ̀ sì dí wọn lọ́nà. Ẹ fojú inú wo èèyàn tó lé ní mẹ́wàá tí wọ́n fẹ́ gba ibẹ̀ jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Ìdí nìyẹn tí kò fi sí ẹni tí mo lè gbà fún: kì í ṣe ọmọ ìyá mi, kì í ṣe àna mi, kì í ṣe ẹni tí ọ̀gá gáréèjì bá bẹ̀bẹ̀ fún.

Báwo lẹ ṣe máa mọ̀? Inú àpò Ghana-must-go ni wọ́n sábà máa ń tọ́jú rẹ̀ sí, wọ́n á fi aṣọ tàbí gààrí bò ó. Ẹ bá wọn gbé ẹrù. Ẹ má tú àpò ẹnikẹ́ni, ẹ kàn sọ pé, "Ẹ jẹ́ n bá yín gbé e, mà." Ohun tó ń ṣàn máa ń mì lọ́wọ́ ẹni tó gbé e, gààrí kì í mì. Ẹ rántí pé epo pupa àti oyin náà ń wọ kẹ́ẹ̀gì, nítorí náà ẹ má fi ẹ̀sùn kan ẹnikẹ́ni. Ẹ ní kí ẹni tó ni ín ṣí ìdérí rẹ̀ díẹ̀, imú yín á sọ fún yín.

Bàbá kan wá nígbà kan pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì bẹntiróòlù. Àdúà fìdáù ló ń bá lọ nílé àwọn àna rẹ̀, jẹnẹrétọ̀ ni wọ́n sì fẹ́ fi epo náà tan. Ó bínú, ó ní òun dàgbà ju ẹni tó lè máa tú òun ní ẹrù wò. Mi ò bá a jiyàn ọjọ́ orí. Mo kúnlẹ̀, mo sọ fún un pé owó rẹ̀ nìyí lódindi bó bá fẹ́ ẹ, ìjókòó rẹ̀ ṣì ń dúró dè é bó bá gbé e sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo yíjú sí àwọn èrò, mo bi wọ́n bóyá ẹnikẹ́ni mọ ilé epo tó máa ń ṣí lójú ibi tí bàbá ń lọ. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó jẹ́ ará àdúgbò yẹn dá a lóhùn, ó sì ṣàlàyé ibẹ̀ fún un. Bàbá fi kẹ́ẹ̀gì lé ọmọ rẹ̀ tó sìn ín wá lọ́wọ́, ó wọlé, ó jókòó. Ẹni tí ẹ bá gba nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ wá ọ̀nà mìíràn fún un. Ẹ má sì gbà kí wọ́n fi kẹ́ẹ̀gì epo pamọ́ sábẹ́ tábìlì wa o. Ewu tí a lé kúrò nínú ọkọ̀, a ò gbọdọ̀ gbé e sínú ọ́fíìsì.

Ọ̀rọ̀ tó tẹ̀lé e yìí wúwo lọ́kàn mi gidigidi, torí ọ̀pọ̀ wa ni kì í ṣe é bó ṣe yẹ. Àwọn ọmọbìnrin tó ń lọ sí iléèwé ní Ọ̀fà tàbí Ọ̀mù-Àrán ń wọ ọkọ̀ wa lójoojúmọ́. Bí ọ̀kan bá ní ọkùnrin tó jókòó ti òun ń fọwọ́ pa òun lẹ́sẹ̀, ohun tí wọ́n sábà máa ń ṣe ni pé wọ́n á ní kí ọmọ náà wá síwájú. Kò dáa bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ṣẹ̀ jókòó pẹ̀sẹ̀, ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ ló ń kó ẹrù kiri níṣojú gbogbo ọkọ̀. Ọkùnrin náà ni kẹ́ ẹ gbé dìde. Bó bá ní òun ò ṣe nǹkan kan, ẹ má dá ẹjọ́ nínú ọkọ̀. Ẹ kọ́kọ́ pa ìjókòó rẹ̀ dà, kí ẹ bẹ ìyá àgbà kan kó wá jókòó ti ọmọ náà. Bí ọ̀rọ̀ bá le ju bẹ́ẹ̀ lọ, gáréèjì tó kàn tàbí àgọ́ ọlọ́pàá ni kẹ́ ẹ gbé e dé. Ọ̀pọ̀ wọn ni kì í lè pariwo. Bí ẹ bá rí i tí ọmọ kan ń fún ara rẹ̀ mọ́ fèrèsé, ẹ sún mọ́ ọn nígbà tí ọkọ̀ bá dúró, kí ẹ rọra bi í pé, "Ṣé ibi tí ẹ jókòó sí rọ̀ yín lọ́rùn?" Ó máa ń tó.

Ní ti sìgá, òfin ìdarí tábà tí ìjọba àpapọ̀ ṣe lọ́dún 2015 ti kà á léèwọ̀ nínú ọkọ̀ èrò, ẹ ò nílò láti bẹ̀rù pé ẹ̀yin lẹ dá a sílẹ̀. Bó bá jẹ́ àgbà ló tan án, ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ létí rẹ̀ kí ẹ sọ ọ́. Ẹ má sọ ọ́ láti òkèèrè kí gbogbo ọkọ̀ bojú wẹ̀yìn. Ẹni tí ẹ bá dójú tì yóò mu ún tán kí ojú má bàa tì í lẹ́ẹ̀mejì. Ẹni tó bá ti mu páráǹgà yó, ẹ jẹ́ kó jókòó ní gáréèjì kí ó wọ ọkọ̀ tó kàn.

Wáàsí àti ìwàásù náà wà níbẹ̀. Ìlọrin mọ wáàsí, gúúsù Kwara kún fún ṣọ́ọ̀ṣì, inú ọkọ̀ kan náà ni gbogbo wa ń jókòó sí. Èrò tèmi ni pé kí rédíò inú ọkọ̀ má ṣe gbé ti ẹ̀sìn kankan àyàfi bí gbogbo èrò bá fẹ́ ẹ, kí òfin tí ẹ bá sì ṣe fún ẹni kan jẹ́ ti ẹnì kejì. Ọ̀rọ̀ ìrun ló yàtọ̀. Bí ọkọ̀ ọ̀sán bá ń lọ ọ̀nà jíjìn, ẹ béèrè ní gáréèjì pé ta ló máa kí ìrun Alásárì lójú ọ̀nà, kí ẹ sọ ibi tí ẹ máa dúró sí níbẹ̀. Òótọ́ ni pé ẹ̀sìn fún onírìn-àjò láyè láti so ìrun pọ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe kọ̀ǹdọ́kítọ̀ ló máa fi ìyẹn kọ́ àgbà. Bí wọ́n bá ti fẹnu kò sí i kí ọkọ̀ tó ṣí, ẹni tí kì í kírun náà kò ní ráhùn.

Ẹ má gbá èrò létí láé. Ẹ má gba fóònù tàbí àpò ẹnikẹ́ni mọ́wọ́ nítorí owó ọkọ̀. Ẹ má sì sọ ẹnikẹ́ni kalẹ̀ sínú igbó, bó ti wù kó burú tó. Ìbẹ̀rù ajínigbé ti mú kí àwọn èèyàn gúúsù Kwara máa ṣọ́ wákàtí tí wọ́n ń rìn. Ẹni tí ẹ já sílẹ̀ láàárín ìlú méjì nírọ̀lẹ́, ẹ ti fi í sọ́wọ́ ohun tí kò sí ẹni tó mọ̀. Ẹ gbé e dé ibi tí èèyàn wà, kí ẹ ka owó ìrìn tó kù fún un. Àti orúkọ tí ẹ ń kọ sílẹ̀ yẹn, ẹ gba nọ́ḿbà ẹbí kan mọ́ ọn, kí ẹ̀dà kan dúró sí gáréèjì. Bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, 122 ni nọ́ḿbà FRSC, àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, ṣùgbọ́n wọn ò lè mọ ilé ẹni tí a kò kọ orúkọ rẹ̀.

Ó ku ibi tí ọ̀pọ̀ ọmọ iṣẹ́ tó ń ṣe dáadáa ní Ìlọrin ti máa ń já a sílẹ̀. Èrò tó wọlé ní Àjàṣẹ́-Ìpo kò sí níbẹ̀ nígbà tí ẹ ń sọ̀rọ̀. Ó kàn na ọwọ́, ọkọ̀ dúró, ó fò wọlé pẹ̀lú ẹrù tí ẹnikẹ́ni ò wò, dẹ̀rẹ́bà sì ti ki gíà. Ẹ bọ́ sílẹ̀ fún un. Ẹ kí i, ẹ bá a gbé ẹrù rẹ̀, ẹ sọ gbogbo rẹ̀ fún un lẹ́nu ilẹ̀kùn kó tó gbé ẹsẹ̀ wọlé, bí àwọn èrò bá tilẹ̀ ń ráhùn pé ẹ̀ ń fi àkókò ṣòfò. Kí dẹ̀rẹ́bà má bàa fi yín sílẹ̀, ẹ bá a ṣe àdéhùn láàárọ̀ pé títí ẹ ó fi gbá ara mọ́tò lẹ́ẹ̀mejì, kò gbọdọ̀ gbéra.