Ewé tíìkì ti yọ kí òpó wa tó dúró

Òní ni a gbé eríàlì íntánẹ́ẹ̀tì kẹta gun orí òpó tí a rì sínú ọgbà yunifásítì níbí ní Kétu, ní Benin. Méjì ti wà lókè láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ọ̀kan kọjú sí kíláàsì àti ilé ìkàwé, èkejì kọjú sí ìhà ibi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń gbé. Èyí tí a gbé gòkè lónìí, oko ìdánwò ló kọjú sí. Dìgírì 120 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan ń bò, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì yí wa ká pátá. Ó ti rẹ̀ mí, apá ń ro mí, àmọ́ mo fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀ kí n tó sùn, torí eríàlì oko yìí ni mo jà fún jù lọ.

Nígbà tí a kọ́kọ́ jókòó lórí ọ̀rọ̀ yìí, ohun tó wà lẹ́nu ọ̀pọ̀ ni pé ká kọ eríàlì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí ọ́fíìsì, kíláàsì àti ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ká fi oko sílẹ̀. Ẹnìkan bi mí pé kí ni àgbàdo fẹ́ fi íntánẹ́ẹ̀tì ṣe. Mo ní àgbàdo kọ́ ló ń kọ ìwé àṣekágbá, akẹ́kọ̀ọ́ ni, ojú ebè ló sì ti ń rí ohun tó máa kọ. Ilé ẹ̀kọ́ ọ̀gbìn nilé ẹ̀kọ́ yìí. Ọdún 2013 ni ìjọba dá a sílẹ̀ ní Kétu, lọ́dún 2016 ló di ara Yunifásítì Ọ̀gbìn ti orílẹ̀-èdè Benin. Ẹ lọ sí oko náà láàárọ̀ ẹ ó rí i: ọmọ kan bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń ka iye ewé tó yọ lára ẹ̀wà, ó ń kọ ọ́ sínú ìwé. Òjò á dé, ìwé á rin. Á wá fẹsẹ̀ rìn padà sínú ọgbà, á fi owó ara rẹ̀ ra mẹ́gà, kó tó lè fi ohun tó kà ránṣẹ́ sí olùkọ́ rẹ̀ ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) tàbí ní Kútọnu.

Ọ̀rọ̀ owó mẹ́gà yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Àwa tí a wà nílẹ̀ lóṣù kẹsàn-án ọdún 2018 kò gbàgbé ìgbà tí wọ́n ní ká máa san fráǹkì 5 lórí mẹ́gà kọ̀ọ̀kan tí a bá fi wọ Facebook, WhatsApp àti irú wọn. Àwọn ọ̀dọ́ fárígá, ìjọba sì fagi lé e láàárín ọjọ́ mélòó kan. Owó orí yẹn lọ, àmọ́ akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ṣírò bóyá gàrí ni òun máa rà lálẹ́ tàbí mẹ́gà ṣì wà láàárín wa. Ìdí nìyẹn tí n kò fi gbà kí wọ́n yọ oko kúrò.

Bí iṣẹ́ náà ṣe rí nìyí. Fáíbà, wáyà tó ń fi ìmọ́lẹ̀ gbé ọ̀rọ̀, ló gbé íntánẹ́ẹ̀tì wọ inú ọgbà. Láti inú yàrá kékeré tó wà nídìí òpó ni a ti fà á gòkè, àwọn ẹ̀rọ tó wà lókè sì ń pín in láìlo wáyà fún gbogbo ilé tí a bá gbé eríàlì kékeré sí lórí. Wáyà kan ṣoṣo ló ń gbé iná àti ọ̀rọ̀ pọ̀ lọ bá ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan, kò sì gbọdọ̀ gùn ju mítà 100 lọ. Òpó wa ga tó mítà 30, nítorí náà ìyẹn kò dà wá láàmú. Ní ti ìgbì rédíò tó ń gbé íntánẹ́ẹ̀tì náà kọjá nínú afẹ́fẹ́, a ń lo 5.8 GHz. ARCEP tó ń ṣàkóso ìbánisọ̀rọ̀ ní Benin ló ń bójú tó irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, a sì ti parí ti ìwé kí a tó gbẹ́ ihò àkọ́kọ́.

Igi tíìkì ló wá dá wa dúró.

Láàárín òpó àti oko, nǹkan bíi kìlómítà 2, tíìkì wà níbẹ̀, ó tò lọ gbọọrọ. Ẹni tó bá mọ tíìkì mọ̀ pé nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, gbogbo ewé rẹ̀ ló ń wọ́ dànù. Oṣù kìíní ọdún, tí ọyẹ́ ń fẹ́, ni àwọn tó ṣáájú mi wá dán ọ̀nà tí ìgbì máa gbà dé oko wò, kí wọ́n tó pè mí síṣẹ́ náà. Wọ́n gbé ẹ̀rọ sórí òrùlé kan níbí, wọ́n gbé òmíràn sórí páànù ilé oko, ó sì ṣiṣẹ́ dáadáa. Ẹ̀ka igi lásán ló dúró lójú ọ̀nà nígbà yẹn, èèyàn ń wo òdì kejì láàárín wọn. Ni wọ́n bá kọ ọ́ sínú ìwé pé òpó mítà 18 ti tó, pé owó á sì dínkù.

Ọyẹ́ ló tàn wọ́n. Òjò méjì mẹ́ta péré, tíìkì á ti tún wọṣọ. Ewé rẹ̀ sì rèé, ewé tí àwọn ìyá wa fi ń pọ́n ẹ̀kọ, ẹ mọ bó ṣe fẹ̀ tó. Ìgbì 5.8 GHz kò gùn ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 5 lọ, ewé kan ṣoṣo fẹ̀ jù ú lọ lọ́nà púpọ̀. Omi ló kún inú ewé tútù, omi sì ń mu ìgbì yìí. Tí òjò bá wá rọ̀ lé e lórí, ó tún burú sí i. Ẹni tó bá wọn ọ̀nà nígbà ọyẹ́, ìgbà ọyẹ́ nìkan ló wọ̀n ọ́n fún.

Ohun kejì tó ṣòro fún wọn láti gbà ni pé kò tó kí ojú ríran kọjá. Ìgbì kì í gba ọ̀nà tóóró bí okùn tí a ta. Ó ń sanra láàárín, ó ń tín-ín-rín ní orí méjèèjì, bí ègé pákí. Ní kìlómítà 2, tí a bá fi 5.8 GHz ṣírò, láti àárín gbùngbùn rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ tó mítà 5. Tí igi bá wọ inú rẹ̀ jù, agbára á lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ dúró lókè òpó tí ẹ sì ń wo ilé oko kedere. Mo mú bébà, mo ya á fún wọn. Òpó mítà 18 níbí, páànù mítà 4 lóko: ní àárín ọ̀nà, mítà 11 ni ìlà náà wà sílẹ̀, tíìkì tó wà níbẹ̀ sì ti tó mítà 14. Inú ewé gan-an ló gbà kọjá. Tí a bá sọ òpó di mítà 30, tí a sì rì òpó irin mítà 12 sóko, àárín rẹ̀ á di mítà 21. Yọ mítà 5 kúrò, mítà 16 ló kù. Igi á ṣì ráyè dàgbà díẹ̀. Ilẹ̀ ibẹ̀ tẹ́jú, ìyẹn ló jẹ́ kí ìṣirò náà rọrùn.

Ẹnìkan ní ká kúkú gé àwọn igi náà. Mo kọ̀. Igi tí àwọn kan fi ọdún gígùn tọ́, a kì í gé e nítorí ẹ̀rọ tó máa gbó láàárín ọdún mélòó kan. Inú mi dùn pé àwọn àgbà ibi iṣẹ́ gbà pẹ̀lú mi, wọ́n sì wá owó tí a fi sọ òpó mítà 18 di mítà 30.

Kí òpó tó gòkè, ilẹ̀ la ti kọ́kọ́ bá ṣiṣẹ́, ìyẹn sì gba agbára wa ju bí àwọn tó ń wòran ṣe rò. Ilẹ̀ pupa Kétu yìí, nígbà tó bá gbẹ, kì í fẹ́ gba iná wọlé. Ọ̀pá bàbà àkọ́kọ́ tí a gbá wọlẹ̀, ọ́ómù 23 ni ẹ̀rọ ìwọ̀n kà; ọ́ómù ni a fi ń wọn bí ilẹ̀ ṣe ń dènà iná tó. Òpó mítà 30 tó dá dúró ní gbalasa, kò gbọdọ̀ ju 10 lọ, kí àrá tó bá sán lù ú lè rí ọ̀nà sá wọlẹ̀. Àwọn àgbà iṣẹ́ máa ń da iyọ̀ àti èédú sínú ihò. Ó ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́, àmọ́ òjò ń fọ iyọ̀ lọ, iyọ̀ náà sì ń jẹ bàbà. Amọ̀ tó ń di omi mú ni a dà sí tiwa, a fi ọ̀pá kún ọ̀pá, a jẹ́ kí wọ́n jìnnà síra wọn, nítorí bí wọ́n bá sún mọ́ra jù, ilẹ̀ kan náà ni wọ́n á jọ máa pín. A fi wáyà bàbà tí kò ní aṣọ lára so gbogbo wọn pọ̀ lábẹ́ ilẹ̀. Ó wá sí 8. Ẹ̀ẹ̀rùn la wọ̀n ọ́n o, ìgbà tí ilẹ̀ le jù. Tí òjò bá rọ̀ dáadáa, á tún wálẹ̀ sí i.

Ìyá kan tó ń ta àkàrà àti ẹ̀kọ lẹ́nu ọ̀nà ọgbà pè mí nígbà tí a ń gbẹ́lẹ̀.

"Ọmọ mi, ẹ kú iṣẹ́. Irin gíga tí ẹ fẹ́ gbé dúró yìí, ṣé kò ní pe àrá wá bá wa?"

"Ẹ ṣeun, Ìyá, ẹ kú ọjà. Ìbéèrè tó yẹ kí gbogbo èèyàn bi wá lẹ bi yẹn."

Mo mú wọn lọ síbi ihò náà, mo fi bàbà hàn wọ́n, mo sì ṣàlàyé pé ohun tó bá ga ni àrá máa ń wá lóòótọ́, ìdí nìyẹn tí a fi fún un lọ́nà tirẹ̀ láti òkè délẹ̀, pé kí wọ́n má ṣe fara ti òpó náà tàbí okùn irin rẹ̀ nígbà òjò. Wọ́n mi orí. Wọ́n ní kí n sọ ọ́ fún àwọn ọmọdé tó ń ṣeré níbẹ̀ pẹ̀lú. Mo lọ sọ ọ́ lójú ẹsẹ̀, mo sì ti ní kí wọ́n kọ ọ́ sára pátákó ní Yorùbá àti Faransé.

Ẹ jẹ́ kí n wá padà sí òní. Ẹ̀gbọ́n wa tó ń gun òpó tètè gòkè kí atẹ́gùn tó dìde. Ìkọ́ méjì ló wà lára bẹ́líìtì wọn, wọn kì í sì í tú ọ̀kan kí èkejì tó wọlé. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti ń sáré ṣe é, n kò sì ní fara mọ́ ọn láé. Nígbà tí eríàlì dúró, wọ́n tẹ orí rẹ̀ wálẹ̀ díẹ̀, kó má bàa máa fẹ́ ìgbì rẹ̀ kọjá lórí oko lọ sínú òfuurufú. Kí wáyà tó wọ inú ẹ̀rọ, wọ́n jẹ́ kó ṣe kọ́ńkọ́ sísàlẹ̀ ná, kó tó yí padà gòkè. Omi òjò tó bá ń ṣàn lára wáyà, ibi tó tẹ̀ yẹn ló máa ti kán sílẹ̀, kò ní lè gun òkè lọ bá ẹ̀rọ. Gbogbo ìtumọ̀ rẹ̀ kò ju kí èèyàn fi ọwọ́ tẹ wáyà, àmọ́ mo ti rí ẹ̀rọ olówó ńlá tó kú torí pé ẹnìkan kò tẹ̀ ẹ́.

Mo gun zẹ́mì, ọ̀kadà akérò, lọ sóko. Akẹ́kọ̀ọ́ obìnrin kan tó ń ṣe ìdánwò lórí ẹ̀wà ló bá wa di kọ̀ǹpútà mú, ó ń pe nọ́ńbà tó ń sọ bí ìgbì tó dé ọ̀dọ̀ wa ṣe lágbára tó, bí a ṣe ń yí àwo eríàlì lórí òpó irin. Nọ́ńbà yìí máa ń ní àmì ìyọkúrò níwájú, bó bá ṣe ń sún mọ́ òdo ló ń dára sí i. Ó bẹ̀rẹ̀ láti -80. Ó gòkè dé -74, ó dé -71, ó sì dúró.

"Ẹ̀gbọ́n, ó ti mú u o! Ẹ jẹ́ ká dè é."

Mo ní ká má tíì dè é. Ìṣirò wa ti sọ pé nǹkan bíi -61 ló yẹ ká rí, -71 sì jìnnà sí i jù. Gbogbo àwo eríàlì ló ní ojú ńlá kan àti àwọn ojú kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́, ojú kékeré ló sì ń tan ọ̀pọ̀ jẹ. A ń yí i lọ. Ó bọ́ sí -79, ojú ọmọ náà rẹ̀wẹ̀sì. A ò dúró. Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí gòkè, -70, -66, -63, -62. Nígbà tó tún fẹ́ máa lọ sílẹ̀, a dá a padà díẹ̀, a sì fi sípánà dè é. Ewé tíìkì tútù yọ̀yọ̀ wà lábẹ́ ọ̀nà náà, -62 kò yẹ̀. Ọmọ náà fi fáìlì ẹ̀wà rẹ̀ ránṣẹ́ sí olùkọ́ rẹ̀ láti ojú ebè, inú mi dùn débi pé n kò mọ ohun tí mo lè sọ.

Ohun tó kù tó ń jẹ mí lọ́kàn ni bí a ṣe máa pín in. Eríàlì kan, gbogbo ẹni tó wà níhà rẹ̀ ló ń pín agbára rẹ̀. Tí mẹ́gábíìtì 100 bá wà, tí èèyàn 200 sì jọ wọlé wá wo fídíò, ìdajì mẹ́gábíìtì ló kan ẹnìkọ̀ọ̀kan. Mo ti dábàá pé kí ohun ìkẹ́kọ̀ọ́ máa ṣáájú fídíò ní ọ̀sán, ká sì fi AGORA sí ojú ìwé àkọ́kọ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ máa rí. Àjọ FAO ló dá AGORA sílẹ̀ lọ́dún 2003 kí ilé ẹ̀kọ́ ní orílẹ̀-èdè tí owó kò pọ̀ lè ka ìwé ìwádìí nípa ọ̀gbìn lọ́fẹ̀ẹ́ tàbí lówó pọ́ọ́kú. Ọ̀pọ̀ ọmọ tí mo bi léèrè kò tíì gbọ́ ọ rí, ìyẹn sì dùn mí.

Mo tún fẹ́ kí sẹ́fà kan, kọ̀ǹpútà tó ń tọ́jú nǹkan fún àwọn yòókù, wà nínú ọgbà níbí, tí ìwé àwọn olùkọ́ á máa gbé inú rẹ̀. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 2024, wáyà abẹ́ òkun mẹ́rin tó ń gbé íntánẹ́ẹ̀tì wá, ACE, SAT-3, WACS àti MainOne, ló bàjẹ́ pọ̀ nítòsí Abidjan, Benin sì wà lára àwọn ilẹ̀ tó jìyà rẹ̀. Irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, òpó wa á ṣì máa ṣiṣẹ́. Tí ìwé bá wà nínú ọgbà, akẹ́kọ̀ọ́ oko á ṣì rí i kà.

Lọ́la, a ó wé tépù òjò mọ́ gbogbo orí wáyà, a ó kun òpó irin oko, a ó sì wọn -62 yẹn wò nígbà tí òjò bá ń rọ̀. Mo ti bẹ ọmọ ẹ̀wà yẹn pé kó máa bá mi kọ nọ́ńbà náà sílẹ̀ láràárọ̀ títí di oṣù kẹwàá, nínú ìwé kan náà tó fi ń ka ewé. Ó gbà.